Eèrùwà Iwájú Ilé Wa ní Texas

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnìkan sọ fún mi nínú oṣù August tó kọjá, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹn fi ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹ̀gbọ́n kan ni, a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ní apá Dallas níbí, wọ́n wá dá kúlà tí wọ́n yá lọ́wọ́ mi padà, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wo iwájú ilé wa lọ, wọ́n wò ó bọ̀, wọ́n wá fohùn pẹ̀lẹ́ bi mí pé, "Ìyá Tóbi, ṣé ẹ ti fẹ́ kó kúrò ńbí ni?" Mo ní rárá o mà, kí lẹ rí? Wọ́n ní, "Koríko yín ti kú tán. Mo ní bóyá ẹ ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ẹ ò wá rí ti koríko rò mọ́."

Wọn ò sọ ọ́ tìkà-tìkà o, àánú ló wà lójú wọn. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó wọ̀ mí lára, torí mo mọ ohun tí wọ́n rí. Ládùúgbò wa níbí, koríko tó tutù minimini níwájú ilé, tí wọ́n gé dọ́gba, òun ló ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé inú ilé yìí dáa, wọ́n ń san owó ilé wọn lásìkò, kò síjà níbẹ̀. Àwa tí a ti ilé wá sì gba nǹkan yìí gbọ́ ju àwọn tí a bá níbí lọ. Mo mọ èèyàn wa tó jẹ́ pé iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe ní ọsibítù, bó ṣe ń wọlé láàárọ̀ Sátidé kò ní sùn, ẹ̀rọ ìgékoríko ló máa kọ́kọ́ tì síta, torí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé àwọn aláwọ̀ dúdú tó kó dé ló ń ba àdúgbò jẹ́. Mi ò bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ wí. Ohun tí ojú ẹ̀ ti rí ló kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n koríko mi ò kú. Mo mọ̀ pé kò kú. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé mi ò rí ẹnu sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, mo kàn rẹ́rìn-ín, mo gba kúlà, mo ní ẹ ṣeun mà. Látìgbà náà ni mo ti ń ro èsì tí mi ò fọ̀, tí mo bá ń wa mọ́tò lọ síbi iṣẹ́, tí mo bá ń fọ abọ́, èsì náà kì í sì í pé. Ìyá mi tó wá kí wa lẹ́yìn ìyẹn ló bá mi tú u.

## Ohun tó wà níbẹ̀ gan-an

Little bluestem ni wọ́n ń pe koríko náà níbí, Schizachyrium scoparium ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko fún un. Kì í rá lọ lórí ilẹ̀, ìdì ìdì ló ń hù, ìdì kọ̀ọ̀kan á dúró láyè tiẹ̀, á ga tó ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 4. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rú, ewé ẹ̀ máa ń ní aró díẹ̀ nínú, tó bá di October á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, á di pupa rẹ́súrẹ́sú, irúgbìn ẹ̀ á yọ irun funfun wẹ́wẹ́ tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń gbà kọjá. Pupa yẹn ló sì máa wọ̀ la gbogbo ìgbà òtútù kọjá, nígbà tí lọ́ọ̀nù gbogbo èèyàn ti funfun báláú.

Láti Canada títí wọ Mexico ló ti ń hù fúnra ẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé e wá. Nebraska sọ ọ́ di koríko ìpínlẹ̀ wọn ní 1969, Kansas náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2010. Bermuda tí gbogbo àdúgbò ń fi omi rin tí wọ́n sì ń gé, ìyẹn gan-an ni àlejò, apá Áfíríkà àti àyíká ẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti wá. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé koríko tó ti ọ̀dọ̀ wa wá ni wọ́n kà sí koríko gidi, tí ọmọ onílẹ̀ wá di igbó lójú wọn.

Ìsàlẹ̀ ni agbára ẹ̀ wà. Bermuda tàbí St. Augustine tí wọ́n ń gé mọ́lẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n ń bomi sí lójoojúmọ́, òkè ilẹ̀ níbi ínṣì díẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ máa fẹ́ dúró sí, kí ló fẹ́ wá lọ sísàlẹ̀ nígbà tí omi ń wá bá a lókè? Ti bluestem lè wọlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 5, á sì kọjá bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní Yunifásítì Nebraska láyé àtijọ́, John Weaver, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi gbẹ́ kòtò ńlá ńlá sínú pápá, ó máa ń wọnú kòtò lọ jókòó, á máa fi ohun kékeré ṣa erùpẹ̀ kúrò lára gbòǹgbò díẹ̀díẹ̀, á máa yà á sínú ìwé. Tí ẹ bá rí àwòrán tó yà, ẹ máa rí i pé ohun tó wà nísàlẹ̀ ju ohun tó wà lókè lọ fíìfíì. Ojú ibi tí ewé tuntun ti ń yọ náà, ìsàlẹ̀ ló wà, lẹ́bàá ilẹ̀, níbi tí ẹnu màlúù àti iná pápá ò ti lè tètè dé. Nígbà tí ọ̀dá bá dé, ó máa fi ewé òkè sílẹ̀ kó gbẹ, kó má baà máa fi omi ṣòfò. Bí ẹni tó so owó mọ́ ìdí aṣọ tó wá gbé àpamọ́wọ́ òfìfo sọ́wọ́ ló rí, ẹni tó bá wò ó lókèèrè máa rò pé kò ní nǹkan kan.

## "Ta ló gbin eèrùwà síwájú ilé?"

Ìgbà tí ìyá mi dé láti Ìgbò-Ọrà, ooru ṣì ń jó wa. Wọ́n dé lálẹ́, wọn ò rí ìta. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí, mo wo ojú fèrèsé, mo rí wọn níta pẹ̀lú ìró àti ṣòkòtò òtútù tí mo rà fún wọn láìnídìí, pákò wà lẹ́nu wọn, wọ́n dúró síwájú koríko, wọn ò mira. Àyà mi já. Mo ní ó ti tó, àwọn náà ti fẹ́ bi mí bóyá a ti fẹ́ kó lọ.

Mo jáde. Kí n tó kúnlẹ̀ tán wọ́n ní, "Àbẹ̀ní, ta ló gbin eèrùwà síwájú ilé?"

Mo ní, "Màámi, ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

"Ṣé eèrùwà ni mi ò ní mọ̀? Èyí kéré sí tiwa, àmọ́ òun náà ni."

Mo ní àwọn èèyàn ń sọ pé ó ti kú. Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n yọ pákò lẹ́nu, wọ́n di ìró wọn mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbi ìdì kan, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì ya ewé ẹ̀ sí ọ̀tún sí òsì, wọ́n mú igi ẹ̀ kan ṣoṣo, wọ́n ń bó èèpo gbígbẹ ara ẹ̀ kúrò títí ó fi kan ilẹ̀. Wọ́n ní kí n fọwọ́ kàn án. Ìdí ẹ̀ tutù. Ó funfun, ó ní àwọ̀ ewé díẹ̀, omi wà níbẹ̀, nínú ilẹ̀ tó ti là débi tí ọwọ́ ọmọdé lè wọ inú ẹ̀.

Wọ́n ní, "Kò kú. Iṣẹ́ tó yẹ kó máa ṣe nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń ṣe."

Ká ní ibẹ̀ ni wọ́n dákẹ́ sí, ohun tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni. Ohun tí wọ́n sọ tẹ̀ lé e ni mi ò rò rí. Wọ́n dìde, wọ́n ń gbọn ìró wọn, wọ́n wá ń sọ ti ilé bàbá wọn kó tó di pé páànù dé ọ̀dọ̀ wọn, pé eèrùwà ni wọ́n fi bo òrùlé, pé inú ẹ̀ẹ̀rùn tó bá gbẹ dáadáa ni àwọn ọkùnrin máa lọ gé e, wọ́n á dì í, àwọn obìnrin á rù ú wálé. Wọn kì í gé èyí tó tutù. Èyí tó tutù máa jẹrà lórí ilé, òjò máa wọlé. "Tútù ẹ̀, ẹran ló ń jẹ ẹ́. Gbígbẹ ẹ̀ ni èèyàn fi ń kọ́lé." Wọ́n ti pákò padà sẹ́nu, wọ́n wọlé lọ mu tíì.

Mo dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Gbogbo àríyànjiyàn tí mo ti ń ṣe nínú ọkàn mi látọjọ́ yìí, ẹ̀bẹ̀ ni mo fi ń bẹ ẹni tó ń bi mí: ẹ jọ̀ọ́, kò kú o, ẹ ní sùúrù, ó máa tó tutù padà. Bó ṣe jẹ́ pé àwọ̀ ewé nìkan ni ìwàláàyè, tí gbígbẹ wá jẹ́ àìsàn tí mò ń tọrọ gáfárà fún. Ìyá mi ò tọrọ gáfárà kankan. Lójú tiwọn, ìgbà tí eèrùwà gbẹ ni ìgbà tó wúlò jù lọ. Ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà lábẹ́ òrùlé eèrùwà, báwo ló ṣe fẹ́ wo koríko gbígbẹ kó ní ó ti kú?

Wọ́n bi mí nípa ejò ṣá, ká má purọ́. Nílé, ilẹ̀ gbígbá ni iyì àgbàlá, ìyá àgbà ò ní gbà kí ewé kan hù nítòsí ògiri. Ìmọ́tótó ni, ọ̀nà à ti tètè rí ejò náà sì ni. Àwọn ará wa tí wọ́n kó lẹ́rú wá sí apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà níbí náà gbá àgbàlá wọn bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ìran, àwọn òpìtàn ti kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì so ó mọ́ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Torí náà mi ò fojú kékeré wo ìbéèrè yẹn. Mo fi òkúta wẹ́wẹ́ ṣe ọ̀nà fífẹ̀ láàárín koríko àti ògiri, mo sì fi àyè sáàárín ìdì kan sí ìkejì. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó dáa.

## Ẹbí ni wọ́n

Mo lọ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìyá mi ò ṣì í mú. Wọn ò ṣì í mú. Eèrùwà tiwa, Andropogon ni. Bluestem yìí náà, orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é láyé àtijọ́ ni Andropogon scoparius, ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n tó yà á sọ́tọ̀. Ẹ̀yà kan náà ni wọ́n ṣì wà títí dòní, ẹ̀yà yẹn náà sì ni ọkà bàbà wà, àgbàdo wà níbẹ̀, ìrèké wà níbẹ̀. Obìnrin tó gbé ayé ẹ̀ láàárín pápá Ìbàràpá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní Texas, ó fọwọ́ kan koríko tí kò rí rí, ó sì mọ ẹbí ẹ̀ láìwo fóònù.

Ohun tó jẹ́ kí gbogbo ẹbí yẹn lè fara da oòrùn ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe oúnjẹ wọn. Ihò wẹ́wẹ́ wà lára ewé gbogbo ewéko tí wọ́n ń gbà fa afẹ́fẹ́, tí ihò yẹn bá sì ṣí, omi ń ti ibẹ̀ jáde lọ. Àwọn ẹbí eèrùwà mọ bí wọ́n ṣe ń kó afẹ́fẹ́ kábọ̀n jọ sínú ewé wọn, torí náà wọn kì í ṣí ihò náà sílẹ̀ tó ti àwọn ewéko yòókù, omi tí wọ́n ń pàdánù kéré. Ìdí nìyẹn tí ọkà bàbà fi ń so ní apá Òkè Ọya nílé, níbi tí òjò ò ti pọ̀. Ìdí náà nìyẹn tí bluestem fi dúró nínú ooru Texas. Ẹ rántí 2011, ọjọ́ 71 ni ooru dé 100 lórí ìwọ̀n Fahrenheit tàbí tó kọjá bẹ́ẹ̀ ní DFW, pápákọ̀ òfurufú Dallas àti Fort Worth, lọ́dún yẹn. Igi tó kú ní ìgbèríko Texas nítorí ọ̀dá yẹn, ìṣirò àjọ tó ń bójú tó igbó ní ìpínlẹ̀ náà ni pé ó tó mílíọ̀nù 301. Koríko ìbílẹ̀ ilẹ̀ yìí ti la irú ẹ̀ kọjá láìmọye ìgbà kí ẹnikẹ́ni tó dá ẹ̀rọ tó ń wọ́n omi sí koríko sílẹ̀.

## Ilẹ̀ dúdú

"Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ." Ilẹ̀ là ń wò náà ká tó gbin nǹkan sí i, àmọ́ ilé tí wọ́n ń kọ́ ládùúgbò wa níbí, àwọn tó kọ́ ọ kì í wo ilẹ̀, wọ́n á kó koríko ká bí ẹní wá láti ibi tí wọ́n ti ń tà á, wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan, wọ́n á so ẹ̀rọ omi mọ́ ọn, ó parí. Bí ilẹ̀ Dallas bá ṣe rí, bí ti Houston bá ṣe rí, ti ibikíbi, koríko kan náà.

Ilẹ̀ ọ̀dọ̀ wa dúdú, ó wúwo, tí òjò bá rọ̀ á lẹ̀ mọ́ bàtà débi pé ẹsẹ̀ ò ní lè gbé e, tí oòrùn bá mú á là pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀, ilé ẹlòmíì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sán lógiri nítorí ẹ̀. Houston Black ni wọ́n ń pe oríṣi ilẹ̀ dúdú tó gbajúmọ̀ jù nínú ẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní ilẹ̀ ìpínlẹ̀ Texas. Gbogbo àgbègbè yẹn tó gùn láti apá ibodè Oklahoma wá sí ìhà San Antonio, pápá ni tẹ́lẹ̀, Blackland Prairie ni wọ́n ń pè é, little bluestem sì wà lára koríko tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Koríko yẹn, tó ń hù tó ń jẹrà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, òun gan-an ló sọ ilẹ̀ di dúdú. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ wá rí bó ṣe lọ́ràá tó, wọ́n tú u, wọ́n gbin òwú sí i títí, ọ̀pọ̀ àwọn tó sì ń já òwú yẹn, ẹrú ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n di àwọn tó ń fi oko olóko jẹun tí gbèsè ò jẹ́ kí wọ́n lọ. Èyí tó ṣẹ́kù lára pápá náà lónìí tí wọn ò tú rí, kò tó ìdá 1 nínú 100.

Ìdí nìyẹn tí mo fi mú ìyá mi lọ sí Parkhill Prairie nínú oṣù October, ní ìpínlẹ̀ àkóso Collin County, níbi tí ìjọba ti dáàbò bo éékà 436, tí apá kan nínú ẹ̀ sì jẹ́ pápá àtijọ́ gan-an. Ìgbà yẹn ni gbogbo ẹ̀ pọ́n. Atẹ́gùn ń fẹ́, pápá náà ń yí lọ, ń yí bọ̀, kò sí ilé níwájú, kò sí ilé lẹ́yìn. Ìyá mi ní, "Ọ̀nà Òkè-Ògùn rèé." Wọ́n rìn wọnú ẹ̀ lójú ọ̀nà tí wọ́n gé, wọ́n ń fi ọwọ́ kan àwọn koríko lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bi mí ní orúkọ wọn, mo ń sọ èyí tí mo mọ̀.

Àwọn tó ni ilẹ̀ náà ṣáájú mọ ohun tí ìyá mi mọ̀. Àwọn Wichita àti àwọn ẹ̀yà tó bá wọn tan, tí Waco wà lára wọn, tí ìlú Waco ń jẹ́ orúkọ wọn dòní, koríko pápá ni wọ́n fi ń kọ́lé. Wọ́n á ri igi sílẹ̀ yípo, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pàdé lókè, wọ́n á wá fi koríko bò ó láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ilé náà á rí róbótó ṣóṣóró. Àwọn ọmọ ogun Sípéènì tó bá Coronado, aṣáájú wọn, lọ ní 1541 rí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ibi tó di Kansas. Mo fi fọ́tò ẹ̀ kan han ìyá mi lórí fóònù, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé kí ni wọ́n fi so ó. Ìbéèrè ẹni tó ti bá wọn bolé rí nìyẹn. Ní 1859 wọ́n lé àwọn Wichita kúrò ní Texas lọ sí ibi tó di Oklahoma, apá Anadarko níbẹ̀ ni orílé-iṣẹ́ wọn wà títí dòní. Ilẹ̀ tí mò ń san owó orí lé lórí, wọ́n lé àwọn tó ni ín, wọ́n lé koríko ẹ̀ náà. Mi ò lè dá àwọn èèyàn padà. Koríko nìkan ni agbára mi ká, ibi tí mo sì ní láyè fún un ò ju iwájú ilé kan lọ, àmọ́ mo fẹ́ ṣe ìyẹn dáadáa.

Iná náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mànàmáná ló ń dáná sun pápá wọ̀nyí láyé àtijọ́, àwọn onílẹ̀ náà sì ń mọ̀ọ́mọ̀ sun ún, torí tí iná bá kọjá, koríko tuntun á yọ, ẹran ìgbẹ́ á wá. Tí wọn ò bá sun ún, igi á bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀. Ní Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, koríko bẹẹrẹ ni wọ́n máa ń kó wá fún Aláàfin lọ́dọọdún láti fi bo ààfin, ó sì ní ọdún tí wọ́n máa ń ṣe fún un. Tí a bá ní "ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i," koríko ló wà lórí ilé yẹn, ọ̀tun ni wọ́n sì máa gé wá bò ó. Mi ò lè dáná ládùúgbò, àwọn panápaná máa dé kí n tó wí nǹkan kan. Ohun tí mò ń ṣe ni pé tó bá di ìparí February, kí ewé tuntun tó yọ, àdá ni màá fi gé gbogbo ẹ̀ kù bí ínṣì 4. N kì í gé e ṣáájú ìgbà yẹn, torí àwọn ẹyẹ kéékèèké ń jẹ irúgbìn ẹ̀ nínú òtútù, àwọn kòkòrò tó máa di labalábá sì ń sá pamọ́ sí ìdí ẹ̀.

## Lẹ́tà àti òfin

Lẹ́tà dé o. Ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso àdúgbò kọ̀wé pé iwájú ilé wa ò bá ìlànà mu. Ọkọ mi ní ká gé e, kí àlàáfíà jọba. Mo ní ká kọ́kọ́ ka òfin.

Ohun tó yẹ kí gbogbo onílé tó wà ní Texas mọ̀ ni pé láti 2013, abala 202.007 nínú òfin ohun ìní ìpínlẹ̀ yìí ti sọ pé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ò lè ka gbígbin àwọn nǹkan tó lè fara da ọ̀dá léèwọ̀, tàbí koríko tí kì í fi omi ṣòfò. Wọ́n lè ní kó o mú àwòrán ohun tó o fẹ́ ṣe wá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọn ò lè kọ̀ ọ́ láìnídìí. Mo ya àwòrán, mo kọ orúkọ koríko kọ̀ọ̀kan síbẹ̀, mo fi ibi tí ọ̀nà máa gbà hàn, mo fi nọ́ńbà òfin sísàlẹ̀ lẹ́tà, mo fi ọ̀wọ̀ kọ ọ́. Wọ́n fọwọ́ sí i. Tí ìlú tẹ́ ẹ wà bá lófin lórí gíga koríko, tí wọ́n máa ń sọ pé kò gbọdọ̀ kọjá ínṣì 12, ẹ kà á dáadáa, èpò tí ẹnikẹ́ni ò gbìn ni wọ́n sábà ń torí ẹ̀ ṣe é, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó gbìn.

Ohun kan tó ràn mí lọ́wọ́ gan-an ni pé mo jẹ́ kí etí ibẹ̀ mọ́. Mo fi òkúta yí i po, mo gé àlà ẹ̀ gún, ẹni tó ń kọjá á rí i pé ẹnìkan mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ojú èèyàn nílò ìyẹn, kò sì burú.

Omi ńkọ́? EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àyíká, sọ pé nínú omi tí ilé kan ń lò ní Amẹ́ríkà, bí ìdá 30 nínú 100 ló ń lọ sí ìta, koríko àti òdòdó ló sì ń mu èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Omi tí èèyàn lè mu, tí wọ́n ti fọ̀, tí wọ́n ti fi oògùn sí. Mo dàgbà nínú ilé tí a ti ń jí lọ pọnmi. Ó ṣòro fún mi láti rí irú omi bẹ́ẹ̀ kó máa ṣàn lọ sójú títì ní agogo mẹ́rin ìdájí kí n sì sọ pé kò kàn mí.

## Tí ẹ bá fẹ́ gbìn ín

Ẹ má ra irúgbìn tẹ́ ẹ bá ń kánjú. Ẹ ra èyí tó ti hù nínú ike kékeré, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ewéko ìbílẹ̀, kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá Texas ni irúgbìn ẹ̀ ti wá, torí èyí tó ti Minnesota wá ò mọ ooru wa. October ló dáa jù láti gbìn ín lápá ọ̀dọ̀ wa, gbòǹgbò ẹ̀ á ti mọlẹ̀ kí oòrùn tó dé. Ibi tí oòrùn ti ń ta dáadáa ni kẹ́ ẹ gbìn ín sí, kò fẹ́ràn abẹ́ igi.

Bermuda ni ọ̀tá. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa á. Èmi ò lo oògùn, ọ̀rá tó ń dán, tí oòrùn lè gbà inú ẹ̀ kọjá, ni mo tẹ́ lé e nínú July, mo fi òkúta di etí ẹ̀, bí ọ̀sẹ̀ 6 ni wọ́n máa ń ní kéèyàn fi í sílẹ̀, ooru abẹ́ ẹ̀ ló ń pa á. Ẹ máa ṣọ́ ọ lẹ́yìn ìyẹn náà, torí kò sí bí kò ṣe ní fẹ́ padà wá.

Ẹ má da ajílẹ̀ sí i. Èyí máa ń ṣòro fún àwa tí a mọ oko ríro, ọwọ́ wa máa ń fẹ́ fún nǹkan lóúnjẹ. Bluestem tó bá jẹ ajílẹ̀ tàbí tó mu omi jù máa ga sódì, á wá dọ̀bálẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́ ẹ bomi rin ín, kó má gbẹ kó tó ta gbòǹgbò, lẹ́yìn náà ẹ jọ̀wọ́ ẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn ẹ ò ní rí nǹkan púpọ̀ lókè, ìsàlẹ̀ ló ń kọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní KR bluestem. Wọ́n jọ ń jẹ́ bluestem ni, àmọ́ òkèèrè ni wọ́n ti kó o wá, wọ́n gbìn ín sí ẹ̀bá títì káàkiri Texas, ó wá ń lé àwọn ti ìbílẹ̀ kúrò. Orí irúgbìn ẹ̀ máa ń ya bí ìka ọwọ́, ti little bluestem kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má fà á tu ní ẹ̀bá ọ̀nà wá sílé pé ọ̀fẹ́ ni.

Tó bá ti dàgbà, ẹ lè hú ìdì kan nígbà tí ewé tuntun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, kẹ́ ẹ fi ọkọ́ là á sí méjì tàbí mẹ́ta, ìdá kọ̀ọ̀kan á hù. Méjì nínú tèmi ti lọ sí ilé àwọn èèyàn wa ní Arlington báyìí. Ní October tó ń bọ̀, ẹ̀gbẹ́ ilé níbi tí oòrùn ti ń ta jù ló kàn, sideoats grama ni mo fẹ́ gbìn síbẹ̀, koríko ìpínlẹ̀ Texas láti 1971, tí irúgbìn ẹ̀ máa ń so rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ igi ẹ̀ kan ṣoṣo. Mo ti ní kí wọ́n bá mi ya ike mélòó kan sọ́tọ̀. Ìyá mi ní kí n ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sáwọn lórí WhatsApp tó bá ti yọ orí, kí àwọn wò ó bóyá ẹbí eèrùwà lòun náà.